Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Dì Sínú Aṣọ Funfun

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe. Rédíò, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kọ̀ǹpútà, kò sí èyí tí kì í tú palẹ̀ kó sì tún un tò padà. Ní àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, bí nǹkan oníná ẹnikẹ́ni bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń ní kí ó gbé e lọ. Ó mọ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí a ó padà síbẹ̀.

Bàbá ọkùnrin yìí jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó lọ kàwé ní òkè òkun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ra kóòtù àti bàtà bọ̀ wálé. Kọ̀ǹpútà ni òun rà. Irú ti ayé ìgbà yẹn ni, èyí tí bọ́tìnnì títẹ̀ àti gbogbo ohun inú rẹ̀ wà pọ̀ nínú àpótí pẹlẹbẹ kan ṣoṣo, tí wọ́n máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó lè rí ohun tó ń ṣe. Àwọn ará ilé rò pé yóò fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ó fi kọ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n orin ló kọ́kọ́ fi ṣe.

Orin náà kò gùn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣe é nígbà tó ń fẹ́ ìyàwó rẹ̀ sọ́nà. Àwẹ̀ró ni oríkì ìyàwó náà, oríkì yìí sì ni orin náà ń pè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkùnrin tó ti níyàwó, tó ti bímọ, jókòó ti ẹ̀rọ ní ọ̀sán gangan, ó ń tẹ orin ìfẹ́ sínú rẹ̀ ní ohùn kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀rọ náà fi mọ̀ ọ́n. Ó tọ́jú rẹ̀ sórí díísìkì. Ní àárọ̀ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó bọ́jú, bàbá a ti díísìkì náà bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, orin a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ kò lè pe ọ̀rọ̀, ohùn orin nìkan ló ní. Ìyá ló máa ń fi ọ̀rọ̀ sí i láti ilé ìdáná, tòun ti ọwọ́ tó ti kún fún èlùbọ́. Àwọn ọmọ a bo ojú, bí ọmọ ṣe máa ń ṣe bí àwọn òbí rẹ̀ bá ń ṣeré ìfẹ́ níṣojú rẹ̀.

Bàbá kú. Ó ti dàgbà kó tó kú, wọ́n sì sin ín dáadáa. Nígbà tí ẹbí jókòó lórí ohun tó fi sílẹ̀, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà náà jẹ́ ti àkọ́bí, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n kí ó má gbé e kúrò nínú ilé, kí ìyá lè máa rí i. Kò sí ẹni tó bá wọn jiyàn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń gbé inú ilé náà pẹ̀lú ìyá. Òun fúnra rẹ̀ ń gbé nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó máa ń wá kí wọn.

Wo ohun tí ọkùnrin náà ṣe sí ẹ̀rọ yìí. O mọ bí a ṣe máa ń tọ́jú aṣọ òkú tí a fẹ́ràn, aṣọ òkè tó fi ṣe ìgbéyàwó, fún àpẹẹrẹ. A ó nù ún, a ó ká a, a ó fi aṣọ funfun dì í, a ó ju káńfọ̀ sí i nítorí kòkòrò, a ó tì í mọ́ inú pọ́tímáńtò. Ẹnikẹ́ni kò tún ní fọwọ́ kàn án mọ́ àfi ọjọ́ ìrántí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe. Ó nu eruku ara ẹ̀rọ náà títí tó fi ń dán. Ó ra aṣọ funfun tuntun. Ó dì í, ó to káńfọ̀ yí i ká, ó gbé e sínú pọ́tímáńtò bàbá, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sára kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Ó ṣe dáadáa, àbí? Mo rí i pé o mi orí. Gbogbo àwọn ẹbí náà mi orí nígbà náà.

Bí ọdún bá yí, tí wọ́n bá pé jọ láti rántí bàbá, ọkùnrin náà a ṣí pọ́tímáńtò náà níṣojú wọn. Wọ́n a rí aṣọ funfun, káńfọ̀ a sì ta sí wọn nímú. Ọkùnrin náà a wí pé, "Bí Bàbá ṣe fi í sílẹ̀ náà ló wà." Àwọn àgbà a súre fún un pé ọmọ gidi ni. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà a ti ìdérí padà, wọ́n a sì lọ jẹun.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ lọ́rùn. Ó máa ń wí fún un pé, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká tan kọ̀ǹpútà Bàbá lọ́jọ́ kan, kí Màmá gbọ́ orin wọn."

"Fi nǹkan yẹn sílẹ̀ jẹ́ẹ́," ni èsì rẹ̀. "Iná tó ń ṣe ségesège yìí ni o fẹ́ kó wá jó o? Èmi ni mo mọ nǹkan tó dáa fún un."

Obìnrin náà a fi í sílẹ̀. Kí ló tún fẹ́ sọ? Ẹ̀gbọ́n ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni.

Ìyá kì í ṣe ẹni tó máa ń ráhùn. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Kì í gbọ́ mọ́ bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ó ti jẹun, a ní òjò kò tíì rọ̀ níbí. Ó mọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin lára láti máa dúró síwájú rẹ̀ kó tó bá a sọ̀rọ̀, kí ìyá lè máa wo ẹnu rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ìyá pe ọmọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá mi," ni ó wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pe àkọ́bí rẹ̀, "ohùn àwọn ènìyàn ti ń jìnnà sí mi. Mo fẹ́ gbọ́ orin yẹn kó tó lọ tán."

Ọkùnrin náà gbé ohùn sókè kó lè gbọ́. "Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Ẹ̀rọ náà kò lọ síbi kankan. Tó bá di ọjọ́ ìrántí, tí gbogbo ẹbí bá pé, a ó tàn án."

O gbọ́ èsì yẹn. Ìyá ń sọ ti etí, ọmọ ń sọ ti ẹ̀rọ. Lóòótọ́ ni, ẹ̀rọ kò lọ síbi kankan. Etí ló ń lọ.

Ọjọ́ ìrántí dé, ariwo pọ̀, wọn kò tàn án. Ó di Sátidé kan tí ọkùnrin náà wá kí wọn. Nígbà tó wọ yàrá àlejò, ó rí i pé àbúrò òun ti gbé tẹlifíṣọ̀n sórí tábìlì, ó ti to wáyà sílẹ̀, ó sì ti wọ́ pọ́tímáńtò náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá jókòó síwájú rẹ̀. Ó ti wé gèlè. Àbúrò na ọwọ́ sí ìjókòó tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa jókòó sí. Ọkùnrin náà wo gèlè ìyá rẹ̀, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́.

Aṣọ funfun náà mọ́ tónítóní. Nígbà tó tú u, ara ẹ̀rọ ń dán bíi ti ọjọ́ tó dì í. Inú rẹ̀ dùn. "Wò ó," ni ó wí fún àbúrò rẹ̀, "bí Bàbá ṣe fi í sílẹ̀." Ó so wáyà mọ́ ọn, ó sì tẹ ibi tí wọ́n ti ń tàn án.

Tẹlifíṣọ̀n dúdú, kò sọ nǹkan kan. Ó pa á, ó tún un tàn. Ó yọ wáyà, ó fi í padà. Ìyá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà ní ó dà bíi pé ohun kékeré kan ló yọ, òun máa gbé e dé ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó sì ṣí i.

Bátìrì kékeré kan wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kò ju orí ìka lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ka ọjọ́ àti aago nígbà tí iná kò bá sí, kí ẹ̀rọ má baà gbàgbé ọjọ́ tí a wà. Bí wọ́n bá ń lo ẹ̀rọ, bátìrì náà ń rí iná jẹ, ó sì lè pẹ́. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ tì, ebi a pa á, awọ rẹ̀ a bẹ́, omi inú rẹ̀ a sì máa jò díẹ̀díẹ̀. Omi náà ń jẹ nǹkan. Ó ti jò sórí pátákó tí gbogbo ọ̀nà iná wà lára rẹ̀, ó sì ti sọ apá kan rẹ̀ di ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Ó jẹ ẹsẹ̀ àwọn nǹkan kéékèèké tó wà nítòsí. Ó ti rìn lábẹ́ wọn dé ibi tí ojú kò lè rí. Ohun tí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ pé kó máa bá a rántí ọjọ́, òun náà ló jẹ ẹ́, abẹ́ aṣọ funfun ló sì ti jẹ ẹ́, káńfọ̀ sì yí i ká.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ọkùnrin yìí mọ̀ nípa bátìrì náà. Bí oníbàárà kan bá ní òun fẹ́ gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pa mọ́, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọ fún un ni pé, "Ẹ jẹ́ kí n yọ bátìrì rẹ̀ ná." Kò gba àkókò. Ó ti yọ ọ́ fún àwọn àjòjì. Kí ló dé tí kò yọ ti bàbá rẹ̀? Nítorí ọwọ́ tí a fi ń mú aṣọ òkú ló fi mú un, kì í ṣe ọwọ́ tí a fi ń mú ẹ̀rọ. Aṣọ kò ní ohunkóhun nínú tó lè jò. Ó bọ̀wọ̀ fún un dé ibi pé kò wo inú rẹ̀.

Ojú tì í. Lẹ́yìn ìyẹn, inú bí i, àbúrò rẹ̀ ló sì bí i sí. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí: bí a bá rí ẹ̀bi tiwa, ẹni tó ní ká wò ó la máa ń kọ́kọ́ bínú sí. Nígbà tí obìnrin náà pè é lórí fóònù láti béèrè, ó ní kò ṣe nǹkan, ohun kékeré kan ló fẹ́ pààrọ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe pẹ̀lú ìkánjú, kí irọ́ tó pa lè di òótọ́. Ó já bátìrì náà kúrò. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìpẹtà tó wà lókè títí tí ibẹ̀ fi mọ́ lójú. Ó fi irin gbígbóná yọ́ òjé tuntun lé orí àwọn ibi tó ti já. Ó tàn án. Iná ṣẹ́jú, inú rẹ̀ sì dùn, iná tún kú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Òjé kì í lẹ̀ mọ́ ìpẹtà. Bí ó bá jọ pé ó lẹ̀, ẹ̀tàn ni. Ó kàn ń kun ojú nǹkan tó ṣì ń bàjẹ́ lábẹ́ ni.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, tó ń gbé ní ìlú tó tẹ̀ lé tiwọn, ní irú ẹ̀rọ yìí kan náà, tirẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Díísìkì bàbá kò bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ó mú díísìkì lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó yá ẹ̀rọ náà, tí ó gbé e lọ sílé, ìyá ìbá ti gbọ́ orin náà kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Ó rò ó. Ó tilẹ̀ gbé fóònù. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ẹ̀rọ ẹlòmíràn wọlé, wọn yóò béèrè èyí tó wà nínú aṣọ funfun. Kí ni yóò sọ? Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Nígbà tí ìkánjú kò gbè é, ó wá ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ kí ó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fi irin gbígbóná yọ́ òjé ẹsẹ̀ gbogbo ohun tó wà ní agbègbè ibi tó bàjẹ́, ó ká wọn kúrò, kí ó lè rí abẹ́ wọn. Ohun tó rí níbẹ̀ burú ju tòkè lọ. Omi bátìrì irú ìyẹn kò yàtọ̀ sí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ, ohun kíkan ló ń pa agbára rẹ̀. Ó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ó hó díẹ̀, ó sì rọlẹ̀. Ó fi omi tó mọ́ ṣàn án, ó fi sípíríìtì nù ún, ó sá a sí òòrùn. Lẹ́yìn náà ó mú ẹnu abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìpẹtà náà kúrò lára ọ̀nà iná kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí pupa bàbà tó wà nísàlẹ̀. Ibi tó bá ti rí pupa, òjé lẹ̀ mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ibi tí kò bá sí pupa mọ́, ó na wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí gba ibẹ̀.

Iṣẹ́ náà pẹ́. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà ń dúró, àwọn kan bínú gbé ẹrù wọn lọ. Àbúrò rẹ̀ ń pè é.

"Bọ̀dá mi, ẹ ṣì ń tún un ṣe? Màmá ń béèrè."

"Ó kù díẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára. Lánàá, mo pè wọ́n láti ẹ̀yìn, mo pè wọ́n, wọn ò wẹ̀yìn."

"Mo ní ó kù díẹ̀."

Ó kù díẹ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ kan, ó tan ẹ̀rọ náà, tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀, kò sì kú. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà ṣe ni pé ó béèrè ọjọ́. Kò ní bátìrì mọ́, kò mọ ọjọ́ tí a wà. Ọkùnrin náà tẹ ọjọ́ òní fún un. Ó ti díísìkì bàbá bọ̀ ọ́, orin náà sì jáde bó ṣe máa ń jáde nígbà tó wà lọ́mọdé, láìyẹ̀ lóhùn kan. Ó sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sàn-án gangan. Oníbàárà kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rò pé èéfín òjé ló wọ̀ ọ́ lójú, ó ní kí ó máa rọra.

Ní Sátidé, ó gbé e lọ sílé. Kò dì í sínú aṣọ funfun, abẹ́ apá ló gbé e sí. Tẹlifíṣọ̀n ṣì wà lórí tábìlì. Ìyá tún wé gèlè. Ó tan ẹ̀rọ náà, ó sọ ọjọ́ fún un, ó ti díísìkì bọ̀ ọ́. Orin bẹ̀rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin náà yíjú sí ìyá láti wo bí yóò ti ṣe.

Ìyá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó wo ọmọkùnrin rẹ̀, ó wo ọmọbìnrin rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ọkùnrin náà yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Ó yí i títí tí ará ilé kejì fi yọjú láti ojú fèrèsé pé kí ló dé. Ìyá ń wo ojú wọn, ó ń dúró. Nígbà náà ni àbúrò rẹ̀ mú ọwọ́ ìyá, ó gbé e lé ara tẹlifíṣọ̀n náà. Ọwọ́ ìyá mọ̀ pé nǹkan ń gbọ̀n níbẹ̀. Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin náà, ó fi gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i láìgbàgbé ìkankan, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin. Ẹ̀rọ parí, ìyá ṣì ń kọ ọ́. Wọ́n jókòó títí ó fi kọ ọ́ tán nínú yàrá tó dákẹ́.

"Ó dára gan-an," ni ìyá wí fún ọmọkùnrin náà. "O ṣeun, bàbá mi."

Ọkùnrin náà mọ̀ pé ìyá kàn ń tu òun nínú ni. Ó dìde lórí ìjókòó rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ sọ fún mi nígbà tí etí yín ṣì ń gbọ́, mi ò dáhùn. Mo tún parọ́ fún yín."

Ìyá kò gbọ́ èyí náà. Ojú ọmọ wà nílẹ̀, kò rí ẹnu rẹ̀ wò. Ó rò pé ó ń kí òun ni. Ó fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, ó sì súre fún un pé àwọn ọmọ tirẹ̀ náà yóò tọ́jú rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì títí di ìsinsìnyí. Ọkùnrin náà kò fi bátìrì mìíràn sí i. Nítorí náà, ẹ̀rọ náà kò lè rántí ọjọ́ fúnra rẹ̀ mọ́, ẹni tó bá fẹ́ tàn án gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ó sì sọ fún un. Ó máa ń wá ní Sátidé, ó ń sọ ọjọ́ fún un, ìyá a gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, a sì kọrin nígbà tó bá wù ú.

Àkàwé mi parí síbẹ̀. Má wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti yé ọ láti ìgbà tí mo dé orí bátìrì, nítorí o kò mi orí mọ́ láti ibẹ̀.

O jókòó síwájú mi, o ní o kò ní ohunkóhun nínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin. O ní bí ìfẹ́ yín ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà, o kàn gbé ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ ni, o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni hú u. O ní o kì í jẹ́ kí ọdún lọ láì fi ẹran ọdún ránṣẹ́ sí i, gbogbo ẹbí sì ń sọ pé o ṣe dáadáa. Mo gbọ́. Ìyẹn ni ṣíṣí ìdérí ní ọjọ́ ìrántí. Èmi ń bi ọ́ léèrè ohun tí o fi sínú rẹ̀ kí o tó dì í. Ní ìgbéyàwó ọmọ rẹ, níwájú àwọn àna rẹ, o sọ fún obìnrin tó pọ̀n ọ́ títí o fi mọ ẹsẹ̀ rìn pé kí ó má máa fi ara rẹ̀ ṣe ìyá rẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni bátìrì. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ náà, ó sì ń jò. Tí àwọn ẹlòmíràn bá jà, ìwọ lo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ bẹ ara wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti gbọ́ ọ rí ní ìpàdé. O mọ iṣẹ́ náà.

Má lọ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá òkè rẹ̀. Má lọ sọ fún un pé, "Bí mo bá ti ṣẹ̀ yín." O mọ̀ pé o ṣẹ̀ ẹ́. Pe ọ̀rọ̀ náà bí o ṣe pè é lọ́jọ́ náà, kí o sì bẹ̀bẹ̀ lé e lórí. Yóò ta yín lára, ẹ̀yin méjèèjì. Ha á títí o fi rí pupa.

Bí ẹnu rẹ bá wúwo, èmi ní ẹnu, n óò bá ọ lọ, n óò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fún ọ. Má ṣe jẹ́ kí ohun tí èmi tàbí ẹnikẹ́ni yóò rò dá ọ dúró. Ọ̀rẹ́ ọkùnrin náà ì bá yá a ní ẹ̀rọ láìbi í ní ìbéèrè kan.

O ní o fẹ́ dúró di Kérésìmesì, kí gbogbo yín lè pé. Àwọn tó dé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún mi pé kò lè jáde nílé mọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan kò sì gbé nǹkan mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ènìyàn bá bá a sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́. Ó ń gbọ́ dáadáa.

Sọ ọjọ́ tí òní jẹ́ fún mi. Sátidé ni. Wọ bàtà rẹ.